Ìkíni Tó Ṣáájú Nọ́ńbà

Habeebah gbé fóònù rẹ̀ kalẹ̀ lórí tábìlì mi, ó ní kí n ka àwọn àmì àwọ̀ ewé tó wà lójú rẹ̀.

"Mẹ́fà ni," mo ní.

"Mẹ́fà. Ẹ̀ẹ̀mẹfà ni mo dé ilé Phoebe, ẹ̀ẹ̀mẹfà ni mo tẹ̀ ẹ́ pé mo ti dé, ẹ̀ẹ̀mẹfà ni fóònù yìí ní òun ti gbọ́. Ẹ wá wo ohun tí wọ́n fún mi, Brother Faiz."

Ó yọ lẹ́tà kan nínú àpò aṣọ iṣẹ́ rẹ̀. Auntie Mujeebat, ẹni tó ni ilé iṣẹ́ wa, ló fọwọ́ sí i. Ó ní kí Habeebah wá lọ́jọ́ Wednesday, aago méjì ọ̀sán, kó wá sọ ìdí tí kò fi lọ síbi iṣẹ́ lẹ́ẹ̀mẹfà láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Bí àlàyé rẹ̀ kò bá tẹ́ wọn lọ́rùn, ilé iṣẹ́ yóò yọwọ́ lọ́rọ̀ rẹ̀. Olùtọ́jú ni Habeebah, ó ń lọ wẹ àwọn arúgbó, ó ń bọ́ wọn, ó ń fún wọn lóògùn nílé wọn. Orí iṣẹ́ yẹn ni físà rẹ̀ dúró lé. Bí a bá yọwọ́, ọgọ́ta ọjọ́ ni wọn yóò fún un láti rí ilé iṣẹ́ mìíràn, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kó di ẹrù rẹ̀ padà sí Ìjẹ̀bú-Igbó.

"Phoebe ńkọ́? Ṣé kò lè bá yín jẹ́rìí?"

Ó wò mí bíi pé mo ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀kalẹ̀ látọ̀run. Phoebe ti lé ní ọgọ́rin ọdún, ó sì máa ń gbàgbé. Bí o bá bi í lọ́sàn-án pé ta ló wá lówùúrọ̀, yóò ní ọkọ òun ni. Ọkọ rẹ̀ ti kú tipẹ́.

Èmi ni mò ń mójú tó kọ̀ǹpútà nílé iṣẹ́ náà, nínú yàrá kan ní Woolwich, nílùú òyìnbó níbí, lókè ṣọ́ọ̀bù àwọn onídìrí, níbi tí ariwo ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń mú irun gbẹ kì í jẹ́ ká gbọ́ ara wa. Mo ṣí ibi tí ìdáhùn tí a fi ránṣẹ́ sí fóònù Habeebah wà. Lóòótọ́ ni, ẹ̀ẹ̀mẹfà la sọ fún un pé ó dára. Mo wá ṣí ibi tí a ń kọ orúkọ àwọn tó dé ẹnu iṣẹ́ sí. Orúkọ rẹ̀ kò sí níbẹ̀ lọ́jọ́ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Báwo lènìyàn ṣe ń wọlé tí kò wọlé? Mo fa àga mi súnmọ́ tábìlì.

"Brother Faiz, ẹ ń rẹ́rìn-ín."

"Mi ò rẹ́rìn-ín."

"Ẹ ń rẹ́rìn-ín, bí ẹni tí wọ́n gbé ọpọ́n ayò fún. Físà mi kì í ṣe ayò o."

Ojú tì mí. Ṣùgbọ́n mi ò lè sẹ́ ẹ.

Kí n ṣàlàyé bí nǹkan ṣe rí nílé iṣẹ́ wa. Ètò tó ń gba orúkọ àwọn olùtọ́jú ti wà láti ọdún 2009. Uncle Ṣàmsúdéènì, ìbátan Auntie Mujeebat, ló kọ ọ́ ní èdè kọ̀ǹpútà kan tí wọ́n ń pè ní Perl, kó tó fi kọ̀ǹpútà sílẹ̀ lọ wa bọ́ọ̀sì. Ó lé ní ẹgbẹ̀ẹ́dógún ìlà, kò sì sí ẹni tó mọ gbogbo ohun tó ń ṣe. Nígbà tí Auntie fẹ́ kí gbogbo ènìyàn máa fi fóònù tuntun ṣiṣẹ́ lóṣù méjì sẹ́yìn, n kò fọwọ́ kan ètò àgbà yẹn. Mo kàn yọ sáfà, ẹ̀rọ àtijọ́ tó ń gbé ọ̀rọ̀ láàárín rẹ̀ àti fóònù, mo sì fi ètò kékeré kan tó ń ṣe ògbufọ̀ síwájú rẹ̀ ni.

Iṣẹ́ ògbufọ̀ náà kò le. Ètò ayé àtijọ́ kàn máa ń tú ọ̀rọ̀ jáde ní ìlà-ìlà: àkọlé díẹ̀ lókè, ìlà òfìfo kan, lẹ́yìn náà ọ̀rọ̀ gan-an. Ògbufọ̀ mi á kó àwọn ìlà yẹn, á tò wọ́n sínú àpótí kan tí gbogbo ètò òde òní mọ̀ bí wọ́n ṣe ń ṣí. Àpótí náà ní yàrá mẹ́ta, ọ̀kan fún nọ́ńbà, ọ̀kan fún àkọlé, ọ̀kan fún ara ọ̀rọ̀. Nọ́ńbà 200 túmọ̀ sí pé ó dára. 409 túmọ̀ sí pé ohun tí o béèrè kò bá ohun tó wà nílẹ̀ mu. Bí ètò náà kò bá sì dárúkọ nọ́ńbà, òfin àwa tó ń kọ ètò ní kí o kọ 200 sí i. Fóònù kì í ka ara ọ̀rọ̀ rárá, nọ́ńbà ló ń wò. Tó bá ti rí 200, ó tan àmì àwọ̀ ewé.

Ìlà mẹ́tàdínlógójì péré ni ògbufọ̀ mi. Mo ti fi han àwọn ọ̀rẹ́ mi bí àwọn ẹlòmíràn ṣe ń fi fọ́tò ọmọ hàn.

Lọ́sàn-án Monday yẹn, mo dá olùtọ́jú kan tí kò sí láyé sílẹ̀, mo sọ ọ́ ní Alhaja Ìdánwò, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í rán an lọ sílé Phoebe. Mo lo fóònù tuntun, mo lo èyí tí ojú rẹ̀ ti fọ́. Mo fún Alhaja ní orúkọ gígùn, mo gé e kúrú, mo fi àmì ohùn sí i, mo yọ ọ́. Gbogbo rẹ̀ ló wọlé. Nígbà tó di aago mẹ́rin, Rasheedat, ẹni tó ń to iṣẹ́ fún àwọn olùtọ́jú, yọjú lẹ́nu ọ̀nà.

"Faiz, ta ni Alhaja Ìdánwò? Ó ti dé ilé Phoebe lẹ́ẹ̀mẹrìnlélógún láti ọ̀sán. Ṣé ó fẹ́ máa gbé ibẹ̀ ni?"

"Mo ń wá nǹkan ni."

"Wá a jẹ́jẹ́. Kọ̀ǹpútà ti ní kí n fún un ní ìsinmi."

Ohun tí mi ò rò ni pé Alhaja Ìdánwò kì í pẹ́ dé ibi iṣẹ́. Aago tí mo bá rán an náà ni mo máa ń kọ fún un.

Mo ní ìwà kan tí ìyá mi kórìíra, n kì í da nǹkan nù. Kí ògbufọ̀ mi tó fọwọ́ kan ọ̀rọ̀ kankan, ó máa ń tọ́jú ẹ̀dà rẹ̀ gẹ́lẹ́ bó ṣe jáde lẹ́nu ètò àgbà. N kò wò ó rí láti oṣù méjì, nítorí ọkàn mi balẹ̀ sí ìlà mẹ́tàdínlógójì mi. Ní òwúrọ̀ Tuesday, mo fa èyí tí Habeebah kọ́kọ́ gbà jáde. Ohun tó wà níbẹ̀ nìyí:

Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ẹ má bínú, ẹ má jẹ̀ẹ́ kó dùn yín.
Status: 409
Content-Type: text/plain

Orúkọ yín kò wọlé. Ẹ fi ìṣẹ́jú mẹ́tàdínlógún pẹ́. Ẹ pe ọ́fíìsì kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Mo dìde, mo rìn yí tábìlì ká. Mo tún jókòó, mo tún un kà.

Ètò àgbà kò purọ́. Ó kọ̀ láti gba ẹni tó bá fi ohun tó ju ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ pẹ́, ó sì sọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ó kọ́kọ́ kí i. Ìlà ìkíni yẹn kò jọ àkọlé, nítorí náà ògbufọ̀ mi gbà pé kò sí àkọlé rárá, ó da gbogbo rẹ̀ pọ̀ sínú yàrá ara ọ̀rọ̀, tòun ti 409 tó wà níbẹ̀. Ó wá wo yàrá nọ́ńbà, ó rí i pé ó ṣófo. Ó kọ 200 sí i. Bí Habeebah ṣe rí àmì àwọ̀ ewé nìyẹn, tó wọlé lọ wẹ Phoebe, tí kò sì pe ẹnikẹ́ni.

Mo wá gbogbo ìkíni tó wà nínú ẹ̀dà oṣù méjì. Mọ́kànlélógójì ni. Àwọn olùtọ́jú yòókù ní ẹyọ kan tàbí méjì, Habeebah nìkan ló ní mẹ́fà. Ohun tó mú mi gbàgbé tíì mi títí ó fi tutù ni pé kò sí ìkíni kan ṣoṣo lórí ìròyìn rere. Bí orúkọ bá wọlé, nọ́ńbà ló máa kọ́kọ́ jáde, tààrà. Ìgbà tí ọ̀rọ̀ bá burú nìkan ni ètò náà ń kí ni pẹ̀lẹ́.

Kí ló dé? Báwo ló sì ṣe ṣiṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún kí n tó dé? Ìkíni mìíràn ha tún wà tí mi ò tíì rí? Mo pe Uncle Ṣàmsúdéènì. Ó ní òun wà níbi ìsinmi, pé kí n wá bá òun ní Lesnes Abbey, àwókù ilé ìjọsìn àtijọ́ kan. Ìdúró kan ṣoṣo ni nínú ọkọ̀ ojú irin láti Woolwich sí Abbey Wood, mo sì fẹsẹ̀ rìn ìyókù.

Ó jókòó lórí ògiri àwókù kan, ó wọ jákẹ́ẹ̀tì àwọn awakọ̀, ó ń jẹ búrẹ́dì àti ẹyin.

"Faiz! Wọ́n ní o ti pa sáfà mi."

"Mi ò pa á, sà. Ó ti darúgbó ni."

"Èmi náà ti darúgbó. Ṣé o fẹ́ pa èmi náà ni?"

Mo fi ìwé tí mo tẹ̀ jáde hàn án. Ó kà á, ó gbé búrẹ́dì rẹ̀ sílẹ̀, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

"Ìlà yẹn ṣì wà? Ọmọ, gbọ́. Nígbà tí mo kọ́kọ́ kọ ọ́, kò sí ìkíni níbẹ̀. Obìnrin Ìbàdàn kan wá pẹ́ lọ́jọ́ tí yìnyín bolẹ̀. Fóònù rẹ̀ sọ fún un pé, 'Kò wọlé.' Kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ó pè mí. Ó ní, 'Ṣàmsúdéènì, inú yìnyín ni mo wà, ẹsẹ̀ mi ti kú, ohun tí o ní láti sọ fún mi nìyẹn? Ṣé bí wọ́n ṣe ń túfọ̀ nílé yín nìyẹn?' Ó fẹjọ́ mi sun Mujeebat. Ó fẹjọ́ mi sun ìyàwó mi. Lọ́jọ́ Jimọ̀, ọkọ rẹ̀ dá mi dúró lẹ́yìn ìrun. Nítorí ìlà kan!"

"Ẹ wá fi pẹ̀lẹ́ síwájú."

"Mo fi pẹ̀lẹ́ síwájú. Ìròyìn rere kò nílò rẹ̀. Ta ló ń bẹ̀bẹ̀ kó tó fúnni ní ẹ̀bùn?"

"Ṣùgbọ́n, sà, lókè nọ́ńbà? Ẹ ò bá ti fi sínú ara ọ̀rọ̀, kò sí ẹni tó máa bá yín jà."

"Tí mo bá ti là ẹ́ lórí tán kí n tó wá kí ẹ pẹ̀lẹ́, ṣé ìkíni nìyẹn?"

"Sáfà wo ló gbà á lọ́wọ́ yín?"

"Tèmi. Èmi ni mo kọ èyí tó ń sọ̀rọ̀, èmi náà ni mo kọ èyí tó ń gbọ́. Èyí tó ń gbọ́ mọ̀ pé bí wọ́n bá ń kí òun, kí òun ní sùúrù, nọ́ńbà ń bọ̀ lẹ́yìn."

Èyí tó ń gbọ́ wà nínú ẹ̀rọ tí mo gbé fún àwọn tó ń kó ẹ̀rọ àlòkù. Mo rò pé sáfà lásán ni.

"Ẹ ò kọ ọ́ síbì kankan, sà."

"Kí n kọ kí ni sílẹ̀? Pé ó yẹ kéèyàn kí èèyàn?" Ó gbé búrẹ́dì rẹ̀, kò jẹ ẹ́. "Ṣùgbọ́n jẹ́ kí n bi ẹ́. Ètò sọ̀rọ̀, o ò gbọ́ èdè rẹ̀. O wá nọ́ńbà, o ò rí i. Kí ló dé tí o fi ní ó dára?"

"Òfin ni, sà. Tí kò bá sí nọ́ńbà—"

"Àlejò dé ẹnu ọ̀nà yín, ó ń sọ ohun tí o ò gbọ́. Ṣé wàá wọlé lọ sọ fún ìyá ẹ pé àlàáfíà ló wí?"

Òfin náà wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ohun tó sọ ni pé bí àkọlé bá pé tí nọ́ńbà nìkan kò sí, kó jẹ́ 200. Èmi ni mo fẹ òfin náà dé ibi tí n kò ti rí àkọlé kankan. Mo rántí ọjọ́ tí mo kọ ìlà yẹn. Mo fẹ́ kó kúrú ni.

"Ta ló kó sí i?" Uncle béèrè.

Mo sọ ti Habeebah fún un, àti lẹ́tà, àti ọgọ́ta ọjọ́.

"Kí lo máa wí fún Mujeebat?"

"Pé ẹ̀bi mi ni."

"Ó dáa. Tèmi wà níbẹ̀ díẹ̀, ṣùgbọ́n tèmi ti lọ́jọ́ lórí, má wulẹ̀ gbé e jáde." Ó wo aago rẹ̀, ó nu ọwọ́, ó sáré sọ̀kalẹ̀ lọ bá bọ́ọ̀sì rẹ̀.

Kí ọ́fíìsì tó tì, mo ti tún ògbufọ̀ ṣe. Ó wá ní sùúrù fún ìkíni. Bí ó bá sì wá nọ́ńbà àti àkọlé títí tí kò rí wọn, 502 ló ń kọ báyìí, èyí tó túmọ̀ sí pé òun kò gbọ́ ohun tí wọ́n wí. Mo rán Alhaja Ìdánwò lọ sílé Phoebe pẹ̀lú ogún ìṣẹ́jú tó fi pẹ́. Fóònù pọ́n wẹ̀ẹ̀.

Ní aago méjì Wednesday, Habeebah jókòó síwájú tábìlì Auntie Mujeebat, ó ti lọ híjáàbù rẹ̀ kó gún régé. Rasheedat ń kọ ohun tí a bá sọ sílẹ̀. Mo to ìwé mẹ́fẹ̀ẹ̀fà sórí tábìlì, mo sì sọ ọ́ bó ṣe rí, pé ó lọ, pé ètò kọ̀ ọ́, pé èmi ni mo sọ fún un pé wọ́n gbà á. Auntie wọ gíláàsì rẹ̀, ó ka ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn.

"Oṣù méjì, Faiz."

"Bẹ́ẹ̀ ni, ma."

"Mo ti kọ lẹ́tà sí ọmọ ọlọ́mọ."

"Bẹ́ẹ̀ ni, ma."

"Ìwé ẹ̀rí ẹ gùn ju títì Plumstead lọ. Ohun tí wọ́n kọ́ ẹ nìyẹn?"

Habeebah mí kanlẹ̀, mo sì rò pé ọ̀rọ̀ ti parí. Ṣùgbọ́n Auntie kò bọ́ gíláàsì rẹ̀.

"Ó lọ. Mo gbà. Ṣùgbọ́n ìwé tí o kó wá yìí ní ó fi ìṣẹ́jú mẹ́tàdínlógún pẹ́, mọ́kàndínlógún, méjìdínlógún, mẹ́rìndínlógún, mẹ́tàlélógún, mẹ́tàdínlógún. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni òfin wa gbà. Ìwọ Faiz, o yọ ọ́ nínú ẹjọ́ kan, o tì í sínú òmíràn."

N kò rò ó débẹ̀ rárá. Ìdí tí orúkọ kò fi wọlé ni mo wá. Ìdí tó fi ń pẹ́, n kò bi ẹnikẹ́ni.

Habeebah ló sọ̀rọ̀. "Auntie, ẹ jọ̀wọ́, ẹ wo aago tí wọ́n kọ fún mi. Bàbá tí mò ń tọ́jú ní Woolwich níbí, aago mẹ́wàá ni mo ń kúrò lọ́dọ̀ wọn. Wọ́n ní kí n wà lẹ́nu ọ̀nà Phoebe, ní Thamesmead East, ní aago mẹ́wàá kọjá ìṣẹ́jú méjìlá."

"Ìṣẹ́jú méjìlá tó. Èmi máa ń dé ibẹ̀ kó tó pé."

"Ẹ̀yin ní mọ́tò, Auntie. Bọ́ọ̀sì ni tèmi."

Auntie yíjú sí Rasheedat.

"Máàpù inú kọ̀ǹpútà ló fún mi ní méjìlá, ma," Rasheedat ní. "Mo kàn kọ ohun tó wí."

"O ò bi í pé kí ló máa wọ̀ dé ibẹ̀?"

"Mi ò mọ̀ pé wọ́n ń bi í, ma."

Auntie mú lẹ́tà tó wà níwájú Habeebah, ó ká a, ó fi sínú àpò ìfàlọ́wọ́ rẹ̀. "Mi ò tíì ní ya á, mi ò sì ní fi ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni. Habeebah, mò ń bá ẹ lọ lọ́la. Faiz, ìwọ náà ń bọ̀. Gbé aago dání."

Bí Auntie Mujeebat ṣe wọ bọ́ọ̀sì nìyẹn, ìgbà àkọ́kọ́ láti ọdún mọ́kànlá, gẹ́gẹ́ bó ṣe sọ fún wa lẹ́ẹ̀mẹta. Aago mẹ́wàá géérégé, Habeebah jáde nílé bàbá ní Woolwich, eré ló bá dé ọ̀dọ̀ wa ní ibùdókọ̀. Bọ́ọ̀sì àkọ́kọ́ ti kún, ó kọjá lójú wa. Èkejì dé ní aago mẹ́wàá kọjá mẹ́jọ. Auntie wá ibi tí yóò jókòó sí, kò rí, ó di irin mú. Aago mẹ́wàá kọjá méjìlá lù nígbà tí a ṣì wà nídìí iná ojú pópó àkọ́kọ́.

"Ìsinsìnyí ni wọ́n ní kí n kan ilẹ̀kùn Phoebe," Habeebah ní.

Ní Plumstead, ìyá ọlọ́mọ kan ń gbìyànjú láti ti kẹ̀kẹ́ ọmọ wọlé, kò sì sáyè. Awakọ̀ dúró dè é. Mo pe aago, ogún ìṣẹ́jú. Nígbà tí mo pe mẹ́rìnlélógún, Auntie mú fóònù rẹ̀ jáde.

"Rasheedat, o ń gbọ́? Phoebe, kọ ogójì sí i. Aago mẹ́wàá kọjá ogójì. Rárá, lójoojúmọ́. Kó o wá mú orúkọ gbogbo àwọn tí kò ní mọ́tò, ká jọ tún ti wọn wò tí mo bá dé. Gbogbo wọn. Hẹ̀n-ẹ́n, mo wà nínú bọ́ọ̀sì, kí ló pa ẹ́ lẹ́rìn-ín?"

Ó pa fóònù, ó fi ọwọ́ kan ṣoṣo wá inú àpò rẹ̀, ó na lẹ́tà sí Habeebah.

"Gbà, ya á fúnra ẹ. Tí mo bá fi irin yìí sílẹ̀, mo máa ṣubú."

Habeebah ya á sí méjì, ó ya á sí mẹ́rin. Ó fi àwọn abala náà sínú àpò aṣọ iṣẹ́ rẹ̀.

A sọ̀kalẹ̀ ní aago mẹ́wàá kọjá mẹ́tàlélọ́gbọ̀n. Kí n tó pe iye náà sókè, Habeebah ti ṣáájú wa jìnnà, ó ń sáré lọ lábẹ́ afárá ẹlẹ́sẹ̀, àpò rẹ̀ ń fò lẹ́yìn rẹ̀.

"Habeebah!" Auntie pariwo. "Kí lò ń sá fún? Mo ti yí aago náà!"

Ó dúró, ó wẹ̀yìn, ó rẹ́rìn-ín sí wa. Ó rìn ní ìrìn jẹ́jẹ́, ẹsẹ̀ kan, ẹsẹ̀ kejì, ẹsẹ̀ kẹta, bí ẹni tó ń gbọ̀nà tí kò mọ̀. Lẹ́yìn náà ni ẹsẹ̀ rẹ̀ tún bẹ̀rẹ̀ sí í yára, ló bá yà ní igun ilé kan, a ò rí i mọ́.

Auntie Mujeebat gbá àpò rẹ̀ mọ́ àyà, ó wo bàtà rẹ̀, ó wò mí. Ni òun náà bá bẹ̀rẹ̀ sí í sáré.